Sàlẹ́ńsà Tí Àwọn Adìyẹ Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ̀

Òórùn irin tó ń jó ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ọjà Pantẹ́kà, irin tó ń jó àti epo dúdú tó ti mu ilẹ̀ yó, tí òórùn kúlíkúlí tí àwọn obìnrin ń dín lẹ́bàá ọ̀nà á sì gba àárín wọn kọjá. Bí o bá dàgbà sí Kàdúná bíi tèmi, o mọ òórùn yẹn. Ibẹ̀ ni mo lọ ní Sátidé kan, ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, láti ra sàlẹ́ńsà, irin tí èéfín ń gbà jáde, fún ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù mi. Èyí tó wà nídìí ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti dípẹtà títí ó fi já sílẹ̀ lójú ọ̀nà Badarawa, pẹ̀lú àpò oúnjẹ adìyẹ lẹ́yìn ọkọ̀.

Kí n má purọ́ fún ọ, ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi nìkan. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ rà á. Akọ̀wé ìjọba ni mí nígbà náà, mo ń gbé Narayi, ẹ̀gbọ́n mi sì ń sin adìyẹ ní Ungwan Boro. Ọkọ wọn ti ṣaláìsí ní ọdún tó ṣáájú, gbogbo ohun tó kù sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n fi ra òròmọdìyẹ, tí wọ́n ń tọ́ bí ẹní tọ́ ìkókó. Àwọn adìyẹ ọ̀hún ti dàgbà, ogbe orí wọn ti pọ́n, ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Kí n tó jáde lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi pè mí, wọ́n ní, “Èyí tí kò ní pariwo ni kí o rà o. Adìyẹ tó fẹ́ yé ò fẹ́ ìjayà rárá.” Mo ní, “Mo ti gbọ́, Àǹtí.” Mo gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ mi ò tíì gbéyàwó nígbà yẹn, àdúgbò wa sì ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń bú ramúramù, tí gbogbo àwọn tó dúró de kẹ̀kẹ́ á yíjú wò ó. Ó wù mí kí wọ́n wo èmi náà.

Bàbá arúgbó kan, Hausa, ló ń ta sàlẹ́ńsà tí ó sì ń tún un ṣe. Iná irin ti jó irùngbọ̀n wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò sì bìkítà. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n to mẹ́ta sórí rẹ̀. Àkọ́kọ́ sanra níkùn bí àmù, kò lẹ́wà rárá, kì í sì í pariwo. Ìkejì jẹ́ tòkunbọ̀, ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ìkẹta gùn gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ariwo rẹ̀ ló pọ̀ jù, ó ń dán débi pé mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Mo ti fọwọ́ lé e kí Bàbá tó lanu. Wọ́n wò mí, wọ́n wá bi mí ní Hausa pé, “Wa zai ji shi?”, ta ni yóò máa gbọ́ ọ? Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, “Duk Kaduna,” gbogbo Kàdúná pátá. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ní, “To,” ó dáa, wọ́n sì fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ọkọ̀. Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi fi iná jó o mọ́ ọkọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn yòókù. Wọ́n ní kí n wà á ná.

Ó dùn mọ́ mi, mi ò lè sẹ́. Àwọn ọmọdé Narayi sá tẹ̀ lé mi, oníkẹ̀kẹ́ kan gbé ọwọ́ sókè kí mi, mo sì gbé ìgbọ̀nwọ́ sójú fèrèsé bí ọ̀gágun. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, mo tún tẹ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó bú ramúramù kí n tó pa á, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo dé.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni ìró ìyẹ́ apá. Àwọn adìyẹ ti rọ́ gìì sí igun kan, èyí ń gun èyí lórí, ẹ̀gbọ́n mi sì ti wọ àárín wọn láìwọ bàtà, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì yà wọ́n, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ìgbà tí a bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mẹ́fà ló kú sí abẹ́ àwọn yòókù. Ẹ̀gbọ́n mi tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ní, “O ní o gbọ́.” Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó, mi ò sì lè lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹyin àkọ́kọ́ jáde láìní èèpo, ó rọ̀ lọ́wọ́ bí awọ tútù. Ẹ̀rù bà mí gan-an nígbà náà, nítorí adìyẹ tí jìnnìjìnnì bá lè kọ̀ láti yé fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ò sì ní òmíràn tí wọ́n lè gbójú lé. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ: bí èmi àti wọn ṣe rí nìyẹn, “ẹ káàárọ̀” àti “o ṣé” nìkan la ń bá ara wa sọ. Mo gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní Narayi, mi ò wà á mọ́, orí kẹ̀kẹ́ ni mo ń gbé oúnjẹ adìyẹ lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e mo wa ọkọ̀ náà padà sí Pantẹ́kà. Bàbá rí mi lókèèrè. Wọ́n fa sàlẹ́ńsà oníkùn bí àmù yẹn jáde láti abẹ́ tábìlì. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ mi sí i lára, láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá. Bàbá sọ fún mi pé àwọn kì í jó sàlẹ́ńsà mọ́ ọkọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóòtù làwọn máa ń lò, nítorí púpọ̀ nínú wọn ló ń padà wá. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i pé ta ni yóò máa gbọ́ ọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, àtàwọn adìyẹ wọn.” Ìgbà náà ni wọ́n tó tan iná, wọ́n jó o mọ́ ọkọ̀ pa.

Mo rọra wakọ̀ dé Ungwan Boro. Adìyẹ kan ò gbé orí sókè. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ̀gbọ́n mi tó jáde wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ẹyin kan sí mi lọ́wọ́. Ó kéré, ó gbóná, èèpo rẹ̀ le dáadáa, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà lára rẹ̀ bí ẹyin àkọ́yé ṣe máa ń rí. Wọ́n ní, “Ìwọ ni kó o jẹ ẹ́.” Mo mọ̀ pé wọ́n ti forí jì mí. Mo sè é, mo sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ lórí ìdúró.

Láti ìgbà náà, kí n tó gbé ohùn sókè nínú ilé mi tàbí níbi iṣẹ́, ìbéèrè Bàbá yẹn máa ń wá sí mi lọ́kàn. Nígbà mìíràn mo máa ń pariwo náà, ṣùgbọ́n mo máa ń mọ ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà báyìí, adìyẹ wọn sì ti ju ti ìgbà yẹn lọ fíìfíì. Mo ṣì ń lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, “Àṣé o ti dé. Mi ò tiẹ̀ gbọ́.” Nínú gbogbo ìyìn tí wọ́n ti fún mi láyé yìí, èyí ló dùn mọ́ mi jù.