Ibi Tí Wọ́n Ti Ṣa Òkúta Náà

Iṣẹ́ òkúta ni mo ń ṣe ní Kumasi, nínú yàrá àyẹ̀wò kan tí iná mànàmáná ibẹ̀ máa ń wá nígbà tó bá wù ú. Ní agboolé wa ní Asawase, wọ́n gbà pé kò sí òkúta tí mi ò mọ bàbá tó bí i. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wá lọ́jọ́ tí ìyá tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa gbé òkúta tirẹ̀ wá.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló gba Agadez, ó ń lọ sí Líbíà. Ọkọ̀ wọn dákẹ́ nínú aginjù. Níbẹ̀ lọmọ náà ti ṣa òkúta kan sínú àpò rẹ̀, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun di àpò náà mú, ó sì bá àwọn kan lọ wá omi. Wọn ò padà. Ọkọ̀ mìíràn ló gbé ọ̀rẹ́ náà, ó sì gbé àpò wá fún ìyá. Ó ní òun ò mọ ibẹ̀ mọ́, pé yanrìn ni gbogbo rẹ̀.

“Mepa wo kyɛw, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, bá mi wò ó dáadáa,” ni ìyá wí. “Wọ́n ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé òkúta máa ń mọ ibi tó ti wá. N ò mọ̀ bóyá àdúà arìnrìn-àjò ni kí n máa ṣe fún un, àbí ti òkú.”

Mo gbà á. Mo gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò wa.

Mágnẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kí. Inú mi dùn, ojú sì tì mí pé inú mi dùn. Mo gé díẹ̀ lára rẹ̀, mo lọ̀ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi ń là á kọjá, mo fi í sábẹ́ maikirosíkópù. Hóró róbótó-róbótó kún inú rẹ̀ bí ẹ̀wà inú ìrẹsì waakye. Òkúta tó jábọ́ láti ojú ọ̀run ni, irú èyí tí à ń pè ní kọ́ńdíráìtì. Irin inú rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti pẹ́ lórí yanrìn.

Orúkọ ibi tí wọ́n bá ti rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Ọ̀gá mi béèrè ibẹ̀ lọ́wọ́ mi. Èmi náà délé, láìronú, mo bi ìyá pé, “Ìyá, níbo gan-an ni wọ́n ti ṣà á?”

Ó wò mí. “Ṣebí ohun tí mo ní kó o bá mi wò nìyẹn?”

Inú bí mi sí ara mi, ó bí mi sí ọ̀gá mi, ó tiẹ̀ bí mi sí òkúta náà. Mo wá sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀, pé ojú ọ̀run ló ti wá, níbi tó jìnnà ju òṣùpá lọ.

“Wallahi? O jókòó sí Kumasi níbí, o rí ibẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Ojú rẹ̀ tàn. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ó gbà mí gbọ́ ni. “Ó dáa,” ló wí, “wá sọ ti aginjù fún mi. Ìyẹn ò tiẹ̀ jìnnà.”

Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ mi, ó jókòó, ó ń dúró.