Aṣọ Funfun Tí Ìyá Mi Fi Pamọ́ De Òpin Ayé

Àárọ̀ Sátidé ni ìyá mi máa ń gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, tó bá Nàìjíríà pààlà lókè lọ́hùn-ún. Kò dé ibẹ̀ rí, kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn ìyá tó ń gbàdúrà fún iṣẹ́ ìhìnrere ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ló pín orílẹ̀-èdè ayé láàárín ara wọn, Ṣáàdì ló sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ló bá sọ àwọn ará ibẹ̀ di ẹbí. Bí rédíò bá dárúkọ Ṣáàdì, gbogbo wa gbọ́dọ̀ panu mọ́. Bí oòrùn bá mú díẹ̀, á ní, "Bí tiwa bá rí báyìí, báwo ni tàwọn èèyàn mi á ṣe rí?" Àlàájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tá a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, kì í jẹ́ kó sinmi. "Ìyàwó wa, àwọn ará Ṣáàdì rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Àmọ́ ìyá mi mọ ohun tó ń wá. Pásítọ̀ wa ti kọ́ wọn pé Jésù fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìhìnrere á dé gbogbo orílẹ̀-èdè kí òpin tó dé. Láyé àtijọ́, Ìjẹ̀bú ò fẹ́ kí oníwàásù kankan kọjá lọ́nà wa. Lónìí, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń gbé ìwàásù lọ sí ìlú onílùú. Àmì wo ló tún kù? Ó ku Ṣáàdì àti ibi díẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ tán, Jésù á dé, àwọn òkú á jí, bàbá mi á sì dìde. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bàbá mi ti kú kí àbúrò mi ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Aránṣọ ni ìyá mi, ó sì ní aṣọ òwú funfun kan tí kò tíì gé nísàlẹ̀ àpótí. "Èyí tí mo máa fi pàdé bàbá yín nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o." Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé ṣé áńgẹ́lì á fun ìpè tán, á wá dúró kó rán aṣọ ni. Ó ju téèpù tó fi ń wọn èèyàn lù mí.

Àbúrò mi di nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Odogbolu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ rán òun lọ sẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere. Ìyá mi pariwo halelúyà. Ó bi í pé ibo ni.

"Ṣáàdì ni, Mọ́mì."

Halelúyà dákẹ́. "Ta ló ní kó o lọ síbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ń bẹ Ọlọ́run pé kó rán òṣìṣẹ́ sí wọn."

"Òṣìṣẹ́ ni mo ní. Ṣé mo ní kó rán ọmọ mi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí wọ́n tó gbọ́wọ́ lé ẹni tó ń lọ lórí, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde lójú gbogbo ìjọ, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yọ̀ǹda rẹ̀. Bí òbí ò bá dìde, wọn ò ní rán an. Àbúrò mi ní òun ò ní fi dandan mú Mọ́mì, òun ò sì ní lọ láìjẹ́ pé ó dìde. Ìyá mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Sátidé dé, kò lọ síbi àdúrà. Ó jókòó ti máṣíìnì, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Èmi ní tèmi, inú mi ń dùn lábẹ́lẹ̀. Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Kí Ṣáàdì wá ẹlòmíì.

Àlàájà ló lọ bá a. Mo wà nídìí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́, mo ń gbọ́ wọn.

"Ìyàwó wa, àwa Mùsùlùmí náà gbà pé Ánábì Ísá, Jésù yín, ń padà bọ̀. Ìgbà tó bá wu Ọlọ́run ni. Ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ fà á wá ni?"

"Àlàájà, bàbá wọn ni mo ń wá. Ọmọ ni wọ́n wá fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi."

Àlàájà ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Àbúrò mi ni bàbá wọn. Èmi náà ń wá a." Ó fa àga sún mọ́ ọn. "Ọmọ yẹn jọ bàbá rẹ̀ jù. Bàbá náà, bó bá ti ní òun ń lọ síbì kan, ta ló tó dá a dúró?"

Lọ́sàn-án Fúráìdé tó ṣáájú ìsìn ìdágbére, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí. Aṣọ funfun yẹn ló wà lórí tábìlì, ó ti gé e. Mo lọgun.

"Oòrùn ibẹ̀ le," ló sọ, kò gbójú sókè. "Aṣọ òwú ni kí àbúrò rẹ máa wọ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ máa wá fi pàdé Dádì?"

"Bó bá ṣe bá mi ni kó ṣe gbà mí." Ó tẹ máṣíìnì lọ. Mo wọ yàrá lọ sunkún, nítorí mo ti mọ̀ pé àbúrò mi ń lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Pásítọ̀ bèèrè òbí rẹ̀. Ìyá mi dìde. Àlàájà náà wá, ó jókòó sẹ́yìn wa pẹ̀lú ìborùn rẹ̀. Ìyá mi ní, "Mo yọ̀ǹda rẹ̀." Pásítọ̀ ní kó gbàdúrà. Ó di ọwọ́ ẹ̀wù funfun tó rán fún àbúrò mi mú, pẹ̀lú apá ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Jésù, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún Ọ pé kí O máa bọ̀ kíákíá. Jọ̀ọ́, má kánjú mọ́. Jẹ́ kí ọmọ mi ti Ṣáàdì dé ilé ná. Bàbá rẹ̀ á ní sùúrù fún mi."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá èèyàn lè ṣe àmín sírú àdúrà bẹ́ẹ̀.

"Àmín!" ni Àlàájà ké láti ẹ̀yìn wa, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ṣe tèmi.