Ìwé Ìwọ̀n Mi àti Fíìmù Ṣáínà Àlàájì

Iṣẹ́ fèrèsé onígíláàsì ni mò ń ṣe ní Bódìjà. Nínú iṣẹ́ wa, bí o bá fi ìdajì ìka ṣi ìwọ̀n, gíláàsì ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò ṣeé rán, kò ṣeé lẹ̀. Bóyá ìyẹn ló sọ mí di ẹni tí kì í fi ojú lásán wọn nǹkan. Gbogbo ohun tó bá kan ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wọ̀n ọ́n: omi ìwẹ̀, ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, egungun inú ẹja. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bó bá ṣeé ṣe, ǹ bá ti gé gíláàsì yí ọmọ náà ká.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la ní. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, ó ti wo fíìmù kan nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, níbi tí orí tí wọ́n bẹ́ ti ń sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè dá lọ sílé ìyàgbẹ́ mọ́, kódà lọ́sàn-án gangan. Èmi ni mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí màá máa kọ orin ìsìn kó lè gbọ́ ohùn mi. Bí mo bá dákẹ́ láti mí, á pariwo: "Bàbá mi, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la fi ṣe é. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó ti ń dá lọ nígbà tí Àlàájì ra fíìmù Ṣáínà.

Àlàájì ni onílé wa ní Agbówó. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti wá, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì lawọ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọ ọlidé, gbogbo ọmọ ilé ni wọ́n máa ń pè sí pálọ̀ wọn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: guguru, mínírà, fíìmù. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní kí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bá àwọn da fíìmù Ṣáínà ìgbà àtijọ́ sínú fúláàṣì.

"Gbogbo wọn ló wọ aṣọ dé ọrùn ẹsẹ̀," Àlàájì ń fi fúláàṣì náà han àwa bàbá ọmọ. "Ọba wà níbẹ̀, ìjòyè wà níbẹ̀. Irú ẹ̀ kì í ní ìranù nínú. Ẹ̀kọ́ ni látòkè délẹ̀."

Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Fíìmù ìgbà àtijọ́ tiwa la fi ń wọn ti Ṣáínà: aṣọ gígùn, ìwà rere. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa pé ní Họ́ǹkọ́ǹgì, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Kantoníìsì, àwọn kan ń fi aṣọ ìgbà àtijọ́ ṣe fíìmù tí àgbàlagbà pàápàá ń fọwọ́ bojú wò.

Èmi náà gbà, ṣùgbọ́n n kò tíì wọ̀n ọ́n. Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé, mo lọ bẹ Àlàájì kí wọ́n yá mi ní fúláàṣì náà kí n kọ́kọ́ wò ó.

"Ṣé o fẹ́ lọ wọn fíìmù bí ẹni wọn fèrèsé ni?" Àlàájì rẹ́rìn-ín títí. "Gbà. Kó padà wálé kí aago mẹ́wàá tó lù. Má sì jẹ̀ẹ́ kó fọ́ o!"

Ìyàwó mi ti mú ọmọ lọ dirun. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún àkọ́kọ́ dùn. Àwọn èèyàn ń fò lórí òrùlé. Wọ́n fi àga gbé ìyàwó tuntun kan lọ sílé ọkọ. Lẹ́yìn náà ni ìjòyè kan pa ìyàwó náà, òkú ìyàwó di iwin, ni nǹkan bá dàrú. Ó ń fa ọkàn èèyàn yọ bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ tu. Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde bí omi páìpù tó bẹ́, ó pupa ju sobo lọ. Ọwọ́ kan tí wọ́n gé ń rìn kiri ilé, ó ń wá ẹni tó ni ín. Aṣọ tó dé ọrùn ẹsẹ̀ tí Àlàájì ń yìn, kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ fi bọ́ ọ sílẹ̀. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá. Nǹkan mẹ́rìnlá ni. Mo sì wò ó dé òpin, n kò ní purọ́, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá iwin náà máa rí ìjòyè yẹn mú.

Bí mo bá dá ọmọ tèmi nìkan dúró sílé, ojo ni wọn á máa pè é títí ọlidé á fi parí. Bí mo bá sì dákẹ́, ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ la tún ń padà sí. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún onílé rẹ̀, tó tún jẹ́ àgbà, pé ohun tí wọ́n rà fún ọmọdé kò ṣeé wò?

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́wàá lù, mo dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ Àlàájì.

"Ẹ má bínú, sà. Fíìmù yìí kì í ṣe ti ọmọdé."

"Ẹ̀rù ló bà ọ́."

"Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé." Mo kà á: "Ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá: wọ́n fa ọkàn ọkùnrin kan yọ."

"Irọ́!" Àlàájì ki fúláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sáré fíìmù náà dé ìṣẹ́jú kọkàndínlógún. "Ọkàn ọ̀hún dà?"

"Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, sà."

Ọkàn jáde, ó ṣì ń lù. Àlàájì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. "Sùbúhánáláhì! Ó ṣèèṣì bá a mu ni. Èwo ló kàn?"

"Ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gbọ̀n géérégé. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má lọ síbẹ̀. Ìhòhò ni."

Wọ́n lọ síbẹ̀.

Bí obìnrin inú fíìmù ṣe ń bọ́ aṣọ ni Àlàájà, ìyàwó wọn, gbé guguru wọlé. Abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ̀yin méjèèjì! Àárọ̀ kùtù! Àlàájì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Mẹ́kà! Ìwọ náà, onígíláàsì, ìwọ tó ń kọrin ìsìn lẹ́nu ilé ìyàgbẹ́!"

Àlàájì ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀ lára rimóòtù tí fíìmù á fi dúró. Ohùn ni wọ́n ń fi kún. Igbe obìnrin náà gba gbogbo ilé kan.

Mo kàn fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí Àlàájà. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn kì í rí ìwé kí wọ́n má kà á. Lórí guguru ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi ka gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, mà. Nítorí ọmọ mi, àti àwọn yòókù."

Wọ́n yíjú sí ọkọ wọn. "Àlàájì, ṣé èyí lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ olọ́mọ máa jẹ guguru wò?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àlàájì títí fìlà fi ṣí. "Mo mà ní aṣọ wọn dé ọrùn ẹsẹ̀!" Bí Àlàájà ṣe jáde lọ mú ìgbálẹ̀, Àlàájì rọra sọ sí mi létí: "Ìjòyè yẹn ńkọ́? Ṣé iwin náà mú un?"

"Ó mú un, sà. Ìṣẹ́jú kejìlélọ́gọ́rin."

"Ó ṣe dáadáa."

Aago mẹ́rin lù, pálọ̀ kún fọ́fọ́. Fíìmù erin inú igbó ni Àlàájà wá jáde. Mo ti wọn ìyẹn náà. Níṣojú gbogbo ọmọ àti òbí, Àlàájì fi rimóòtù lé mi lọ́wọ́. "Láti òní lọ, fíìmù kankan ò gbọdọ̀ wọ pálọ̀ yìí láìjẹ́ pé onígíláàsì wọ̀n ọ́n. Ojo tiẹ̀ ju ti gbogbo yín lọ, òun niṣẹ́ yẹn tọ́ sí!" Ilé hó yèè. Ọmọ mi, tó jókòó níwájú, na ọrùn sókè. "Bàbá mi nìyẹn," ó ń sọ fún àwọn tó ti mọ̀ mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé.

Àárín fíìmù ni ọmọ mi dìde, ó dá lọ sílé ìyàgbẹ́ lẹ́yìn ilé. Mo ti dìde tán kí n tó rántí jókòó. Orin ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo tẹ rimóòtù, erin dúró lórí ìrìn, àwọn ọmọ sì figbe ta lé mi lórí. Mò ń ka aago ara ògiri: ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá.

Ó padà wọlé, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dá a dúró dè mí?"

"Mo dá a dúró dè ọ́," ni mo wí, mo sì jẹ́ kí erin máa lọ.