Orúkọ Valentin Lára Òkúta

Ogun Àgbáyé Kejì parí, ilẹ̀ tí Jámánì ń jọba lé lórí bọ́ sọ́wọ́ Póláńdì, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì abúlé sì gbé òòlù wá síbi ibojì ọkọ Agnes Kandziora.

"Màmá, gbogbo ohun tí wọ́n fín lédè Jámánì gbọ́dọ̀ kúrò. Orúkọ yẹn náà, Valentin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ Walenty, bí wọ́n ṣe ń pè é lédè Póláńdì."

"Walenty? Èmi ò fẹ́ ọkùnrin kankan tó ń jẹ́ Walenty rí!"

"Àṣẹ ìjọba ni, Màmá."

"Ìjọba wo? Nígbà ayé Jámánì, wọ́n ń dá wa lẹ́bi pé à ń gbàdúrà lédè Póláńdì. Ẹ̀yin náà dé, ẹ ní Jámánì ni wá. Abúlé tí wọ́n bí mi sí náà ni mo ṣì wà! Tí òkú bá ṣẹ̀ yín, ẹ wọ inú ibojì lọ bá a jà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi òòlù gbẹ́ orúkọ náà dànù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó di àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́, tí tẹrútọmọ ń tan àbẹ́là sórí ibojì àwọn èèyàn wọn, Agnes mú èédú kan nínú ààrò rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀, ó kọ VALENTIN gàdàgbà sára òkúta náà.

Stefania aládùúgbò rẹ̀ mi orí. "Agnes, òjò á fọ̀ ọ́ dànù o."

"Kó máa fọ̀ ọ́. Èédú ò wọ́n nílé mi."