Ohun Tí A Pè Ní Ìju

"Ọkọ mi, fà á dáadáa."

Ìyá mi àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní Òkè-Ògbò, ó ń mí gúlegúle. Mò ń fa etí ìró yí ikùn rẹ̀ ká, kò kárí mọ́. Òórùn àgbo tó ń hó lórí iná gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

"Ìyá, ìbejì lẹ máa bí fún wa yìí o," ni ìyàwó ilé tó múlé tì wá pariwo láti ìdí kànga.

"Bàbá wọn dà? Ó ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ìju, kókó inú ilé ọmọ, ni gbogbo àgbà obìnrin àdúgbò sọ pé ó jẹ́. Wọ́n ní ikùn obìnrin kì í ṣàdédé ga, àfi oyún tàbí ìju, ó sì ti kọjá ọjọ́ orí oyún. Ó ń mu àgbo ìju láràárọ̀, ó ń fajú ro, ikùn ń ga sí i, apá àti èjìká rẹ̀ ń gbẹ. Bí mo bá ń wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí àtàǹpàkò mi tẹ̀ máa ń jin kòtò, kì í tètè kún. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Orí àga ló ń tòògbé sí.

Màmá mi ló wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tẹ́ ọwọ́ kan lé e níkùn, ó ń fi ìka ọwọ́ kejì kàn án, ó ń tẹ́tí.

"Dókítà, ṣé kẹ́ẹ̀gì epo ni mí ni?" Epo pupa ni ìyá mi àgbà ń tà; bó ṣe máa ń kan kẹ́ẹ̀gì nìyẹn láti mọ ibi tí epo dé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀." Ó tún kàn án. Ìhà tó dún kì lẹ́ẹ̀kan wá ń dún bí ohun tó ṣófo.

"Kì í ṣe ìju, mà. Ìju kì í ṣàn. Omi ni, ibi tí ẹ bá yí sí ló ń lọ. Ẹ̀dọ̀ yín ló ń ṣàìsàn."

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á, omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ló jáde. Ó mí kanlẹ̀, ó sùn. Àmọ́ omi náà padà. "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó wá," ni dókítà wí fún màmá mi, kò gbójú sókè. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, a ti sin ín.

Èmi náà ti dàgbà báyìí. Wọ́n ti rí àìsàn ẹ̀dọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ èmi náà, ṣùgbọ́n wọ́n tètè rí i, torí pé èmi kì í dúró kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí. Mo máa ń dé ọsibítù kí wọ́n tó ṣí yàrá àyẹ̀wò.

"Bàbá, ẹ tún ti dé," ni nọ́ọ̀sì máa ń wí.

Àlọ àbọ̀ ọsibítù yìí ti rẹ̀ mí. Ẹ̀rù tí ìyá mi àgbà kò ní, èmi ní in. Ẹ̀rù náà ni mò ń gbé kiri, òun náà ló sì jẹ́ kí n ṣì wà láàyè.