Ọdún Tí A Fi Àjẹ̀ Ṣe Gálílì

Kí n má purọ́, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bínú sí ọkọ̀ ojú omi yẹn. Ọkọ mi ló fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, tí ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́ bá ń jáde lọ ṣe Gálílì, etí dáàmù kan níwájú Aisẹgba la máa ń lọ. Bí àwọn tó kù bá ti ń tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, tí wọ́n ń pín mọ́ínmọ́ín, ọkọ mi á ti wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Omi á máa ta sí i lójú, á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Èmi á jókòó tì í, mà á di fìlà rẹ̀ mú, mà á máa ráhùn pé a ń fi owó ṣòfò. Kò kúkú gbọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa.

Nígbà tí owó epo bẹntiróòlù wá fò sókè, gbogbo nǹkan yí padà nínú ilé wa. Olùkọ́ ni mí. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sílé ìwé báyìí, mo sì ti fọn díẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹni tó ń bá wa lọ ata fi owó kún owó. Jẹnẹrétọ̀ wa di ibi tí à ń sá aṣọ sí. Iṣu tí ẹ̀gbọ́n mi ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní oko Ìró, owó ọkọ̀ tó ń gbé e wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó iṣu ọjà lọ.

Ọdún yẹn náà ni ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọkùnrin tó máa ń fi ẹ̀fẹ̀ jí gbogbo ilé bá dákẹ́. Láràárọ̀ á wẹ̀, á wọ aṣọ iṣẹ́, á sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Bí mo bá bi í pé kí ló ṣe yín, á ní kò sí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo wá sọ fún ara mi pé bí ọkọ̀ ojú omi bá lè mú kó tún rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó lọ, bó ṣe gààrí nìkan la ó máa mu.

Atukọ̀ ti ránṣẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gun ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó gbé epo tirẹ̀ dání. Mo yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo fi ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan. Nígbà tí Mọ́ńdè Àjíǹde pé, ọkọ mi gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ìjọ.

A kọjá Aisẹgba díẹ̀ ni bọ́ọ̀sì gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Dírẹ́bà ní owó tí wọ́n fún òun kò ra epo tó bó ṣe ń rà tẹ́lẹ̀, òun sì rò pé á gbé wa débẹ̀. Oòrùn mú, àwọn ìyá àgbà wà nínú ọkọ̀, kò sí ilé epo nítòsí. Gbogbo ojú bá yí sí kẹ́ẹ̀gì wa. Mo ti la ẹnu láti sọ fún wọn pé epo yìí kì í ṣe ti bọ́ọ̀sì, àfi bí ọkọ mi ṣe dìde.

"Ẹ gbà, ẹ dà á sí i," ló wí. "Ẹnìkan kò níí sùn sọ́nà."

Mo ń kùn sínú títí a fi débẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin tí mo torí ẹ̀ fi ẹran du ẹnu ara mi!

Nígbà tí atukọ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Bí a ò rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ," ló wí. Ó fà wá lọ sídìí ọkọ̀ onípákó kan, ó mú àjẹ̀ kan, ó na èkejì sí ọkọ mi. Ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n tù rárá. A kàn ń yí po lójú kan náà, títí ẹ̀rín fi pa mí nínú ìbínú mi. Nígbà tó yá, a dé àárín omi. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, àfi orin àwọn ìjọ wa tó ń dún bọ̀ láti etí omi.

"Màmá," ọkọ mi fi ohùn Ìkẹ́rẹ́ wí, kò wo ojú mi. "Aṣọ uṣẹ́ tí mò ń wọ̀ láràárọ̀ yẹn, mi ò fẹ́ kí o rí mi bí ọ̀lẹ ni. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí kò wúlò mọ́ nínú ulé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀rọ̀ mi á sú ọ."

Atukọ̀ kọjú síwájú bí ẹni tí kò gbọ́, Ọlọ́run bù kún un. Ní tèmi, ojú ara mi tì mí. Mo nawọ́ sí etí omi níbi tí àwọn ìyá àgbà ti ń jó.

"Àwọn wọ̀nyẹn," mo wí, "ta ló gbé wọn débẹ̀ lónìí bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?"

Ó gbé àjẹ̀ lé itan, ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ẹkún tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ tó tutù mú, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.