Ẹni Tó Kọ́ Wa Ní Ẹkún

Nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tó ń sáré lórí afárá pákó, èèwọ̀ ni ẹkún òkú ní ìlú wa. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé àsọdùn ni. Etí òkun la wà, ọkọ̀ tó ń lọ sí Araromi máa ń kọjá lẹ́yìn ilé wa, àwọn àgbà ìjọ ló sì ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Wọ́n ní ẹni tó bá sunkún nítorí òkú, Ọlọ́run ló ń bá jà. Tí ẹnìkan bá kú, aṣọ funfun la ó wọ̀, fèrè la ó fọn, orin ayọ̀ la ó kọ, a ó sì máa jó títí wọn ó fi bò ó mọ́lẹ̀. Bí omijé bá bọ́ lójú rẹ níbẹ̀, wọn ó fà ọ́ jáde láàárín èrò bí ẹni tó jalè.

Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wọ̀nyẹn ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó jù mí lọ díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ìgbì dojú ọkọ̀ ìyá rẹ̀ dé níbi tí odò ti ń wọ òkun, nígbà tó ń gbé edé bọ̀. Wọ́n rí òkú rẹ̀, wọ́n fọn fèrè, wọ́n jó. Bàbá Ẹ̀gbọ́n gan-an ló ṣíwájú orin. Ẹ̀gbọ́n dúró nínú aṣọ funfun, ó ń pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ gbẹ. Láti ọjọ́ náà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó gùn mọ́. Gìtá ló bẹ̀rẹ̀ sí í kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti gìtá yẹn bó ṣe yẹ, nítorí láti ìgbà náà ni mo ti ń tú gìtá palẹ̀ tí mo sì ń tò ó pa dà, ilé ìwé kankan kò sì kọ́ mi. Pákó ọkọ̀ tó fọ́ ló fi gbẹ́ ara gìtá náà. Ó tú wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ti kú, ó wé e mọ́ òòfà inú sípíkà rédíò, ó sì kàn án sábẹ́ okùn gìtá. Ìyẹn ni etí gìtá náà. Okùn ọ̀rá tí a fi ń hun àwọ̀n ló kọ́kọ́ ta sórí rẹ̀, kò dún rárá, nítorí òòfà kì í gbọ́ ohùn ọ̀rá, irin ló ń gbọ́. Ló bá tú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, ó yọ fọ́nrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ wa máa ń jẹ irin, àdí la fi ń nù wọ́n ní àràárọ̀. Ó so gìtá náà mọ́ rédíò oníbátìrì mìíràn kó lè dún sókè, ojú sípíkà rédíò náà sì ti ya. Mo ní kí n fi bébà àti ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́, ó kọ̀.

"Jẹ́ kó ya bẹ́ẹ̀," ó ní. "Èyí tó ya ló mọ igbe ké."

Òótọ́ ni. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀ há, ó sì ń gbọ̀n, bíi ti ẹni tó ti ké títí ọ̀fun rẹ̀ fi bó. Abà ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń yan ẹja, la ti ń kọrin lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ọkùnrin bá wà lójú omi. Èmi ni mo ń gbè, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń lu agolo. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yóò wọlé wá jókòó, yóò dárúkọ òkú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yóò fi orúkọ náà kọrin títí onítọ̀hún yóò fi sunkún tẹ́rùn. Bí wọ́n bá bi í lóde pé kí ló ṣe ojú rẹ̀, á ní èéfín ẹja ni. Àwọn ìyàwó àgbà ìjọ pàápàá wá gba èéfín náà sójú. Síbẹ̀, tí a bá ń kọjá, wọn á ní, "Ẹ̀yin Ẹlẹ́kún, ta ló nà yín lónìí?" A gba orúkọ náà, a fi ọ̀dà kọ ọ́ sára gìtá.

Ibà pa Ẹ̀gbọ́n ní ìgbà òjò kan. Kò tíì gbé ìyàwó. Kí ó tó kú, ó di ọwọ́ ìyá àgbà mú, ó wò mí, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó lé mi lórí." Kò bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mìíràn.

Ìyá àgbà lọ bá bàbá rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ó ní, "Àna mi, ọmọ yìí bẹ̀ wá. Kò fẹ́ ijó."

Bàbá náà kò wo ojú rẹ̀. "Ìyá, ọmọ mi ni. Ayọ̀ la ó fi sin ín. Ẹni tó bá gbé gìtá yẹn wọ ilẹ̀ ìsìnkú, kó máa bá ibẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn."

"Ẹ ṣeun," ni ìyá àgbà wí. "Ilẹ̀ lẹ dárúkọ."

Ilẹ̀ ìsìnkú wa wà létí odò. Àwa mẹ́ta, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, gbé gìtá, rédíò àti bátìrì sínú ọkọ̀, a so ọkọ̀ mọ́ igi etí omi, a dúró. Bí wọ́n ti gbé pósí dé, tí fèrè sì dún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ta okùn gìtá, mo sì fi orúkọ Ẹ̀gbọ́n kọrin. Bàbá rẹ̀ juwọ́ sí àwọn afọnfèrè pé kí wọ́n fọn ọ́n sókè sí i. Wọ́n fọn ọ́n. Wọ́n fẹ́ fi fèrè bo òkú mọ́lẹ̀ kí erùpẹ̀ tó bò ó. Ìgbà náà ni ìyá àgbà tú gèlè rẹ̀, tó la ẹnu, tó sunkún ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárín gbogbo aṣọ funfun yẹn. Obìnrin kan gbè é, òmíràn gbè é. Gbogbo wọn ló ti mọ orin náà láti inú abà. Kò sí ẹni tó lè jó mọ́. Àwọn afọnfèrè dákẹ́. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn àgbà ìjọ fi àáké la gìtá náà, wọ́n sì lé àwa mẹ́ta. Molutehin ni mo sá lọ, sọ́dọ̀ ẹbí ìyá mi. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa.

Ayé ti yí pa dà. Òkun ti gbé ilẹ̀ ìsìnkú yẹn lọ, àti ṣọ́ọ̀ṣì, àti ìdajì àwọn ilé ìlú náà. Àwọn ọmọ yín ń ta gìtá sínú fóònù, wọ́n ń sunkún níwájú gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó ń fà wọ́n jáde. Ní oṣù tó kọjá, àwọn tó jogún ipò àwọn àgbà yẹn wá sílé mi. Wọ́n ní àwọn àlejò ń bọ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà láti wá wo ilé tó wó. "Ìyá, ẹ wá bá wa kọ orin yẹn," wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí omijé wa, bóyá ìjọba á ṣàánú." Omijé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé mi nílùú ni wọ́n wá ń bẹ̀ mí fún.

Mo ní orin náà ní ẹni tó ni ín. Mo ní kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ níwájú mi, kí wọ́n sunkún tirẹ̀ ná, kí a tó sọ̀rọ̀ ilé. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àlejò àti kámẹ́rà. Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn kí wọ́n máa lọ. Ẹ ó ti rí i pé èmi náà kò dárúkọ rẹ̀ fún yín. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ kó ti kọ́kọ́ jáde.